CG125 àtijọ́ àti páàtì máṣìn míì: ó wọlé, àbí ó bá a mu?

ỌmọLísàbi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní alùpùpù Honda CG125 kan nílẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, ti bàbá mi ni. Oní-pọ́ńtì ni (irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé kí púlọ́ọ̀gì lè taná), iná 6 fóòtì (volt), bíréèkì iwájú rẹ̀ sì jẹ́ oníṣúù, kì í ṣe onídísìkì. Fírémù rẹ̀ ṣì le, táńkì rẹ̀ kò jò, ṣùgbọ́n ó ti ń mu ọ́ìlì, èéfín aláwọ̀ búlúù sì máa ń jáde nídìí rẹ̀. Ọbáńtókò ni mò ń gbé, Aké ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí mo bá gbé ẹnì kan sẹ́yìn, tí mo bá ti ń gun òkè Àsérò, àfi kí n wá jíà kejì lọ.

Ẹni tó ń ta páàtì fún mi ní Kútọ̀ ní kí n yọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ (ilé tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀) dànù, kí n fi ti CG150 Ṣáínà sí i, kí n so kabúrétọ̀ ńlá mọ́ ọn, ó ní ó máa wọlé wẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má tiẹ̀ da ara mi láàmú, kí n gbé odindi ẹ́ńjìnì Boxer 150 sínú fírémù Honda. Mi ò fẹ́ tà á o, ẹ má sọ fún mi pé kí n tà á. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń wọlé láìgé nǹkan kan, àti ohun tí ẹ máa ṣe ká ní ẹ̀yin lẹ ni ín.

BàbáMẹ́káníìkì_Láfẹ́nwá:
Àbúrò, o káre tó o béèrè kí owó tó kúrò lápò rẹ.

Ohun tó jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa fi páàtì máṣìn míì sí CG ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Nǹkan bí 1976 ni Honda gbé e jáde, ibi tí wọn kì í ti í yí ọ́ìlì lásìkò ni wọ́n sì dìídì ṣe é fún. Kò ní ṣéènì kámù, ìyẹn ṣéènì tó ń gòkè lọ yí kámù, irin tó ń ṣí fáàfù. Ọ̀pá méjì ló ń ti fáàfù (ilẹ̀kùn tí epo ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde) láti ìsàlẹ̀, orí kámù kan ṣoṣo ló sì ń gbé ọ̀pá méjèèjì. Àwọn ará Ṣáínà wá ṣe irú rẹ̀ lóríṣiríṣi, 125, 150, 200. Ìdí nìyẹn tí páàtì wọn fi jọra lójú. Wọ́n jọra o, n kò ní wọ́n dọ́gba.

Kí ẹnikẹ́ni tó ta búlọ́ọ̀kù fún ọ, wo èéfín yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń jáde, nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ taná, tó sì ń lọ bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, gáìdì fáàfù (ihò tí ọ̀pá fáàfù ń rìn nínú rẹ̀) àti sílì rẹ̀ (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì) ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ pé bí o ṣe ń gun òkè ló ń rú gùdù, tí kì í dáwọ́ dúró, rínǹgì ara písítìn àti búlọ́ọ̀kù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra búlọ́ọ̀kù nítorí sílì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣí ẹ̀gbẹ́ klọ́ọ̀ṣì. CG kò ní fítà onípépà. Rótọ̀ kan ló wà lẹ́nu kíránkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí), bó ṣe ń yí ló ń fẹ́ ìdọ̀tí mọ́ ògiri ara rẹ̀, asẹ́ wáyà kan sì wà nísàlẹ̀. Mo ti ṣí èyí tí ìdọ̀tí ọ́ìlì ti dì nínú rẹ̀ bí àmàlà àná. Ẹni tó ń gùn ún ń yí ọ́ìlì o, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan wà níbẹ̀. Tún wọn tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo orí fáàfù) nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, 0.08 mm fún fáàfù méjèèjì. Tí tápẹ́ẹ̀tì bá há jù, fáàfù kò ní pa dé, agbára á lọ, wọ́n á sì ní búlọ́ọ̀kù ló jẹ.

OníPẹẹrẹ_Pànṣẹ́kẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, wíwọ̀n yín ti pọ̀ jù. Tèmi CG125 Ṣáínà ni. Mo so kabúrétọ̀ PZ30 ti CG200 mọ́ ọn, mo yọ fítà dànù, mo gé ìdí sàlẹ́ńsà. Láti Pànṣẹ́kẹ́ dé Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, kò sẹ́ni tó ń yà mí. Ọmọ Lísàbi, má jẹ́ kí wọ́n fi ìwé pa ọ́, so ó mọ́ ọn kí o máa lọ.

ÌyáÌbejì:
Ṣé ìwọ ni wàá máa kọjá lẹ́yìn ilé wa láago márùn-ún ìdájí? Àwọn ọmọ mi ń kí ẹ.

OníPẹẹrẹ_Pànṣẹ́kẹ́:
Ẹ má bínú, mọ̀mọ́. Iṣẹ́ ni.

BàbáMẹ́káníìkì_Láfẹ́nwá:
Oní Pẹẹrẹ, jọ̀ọ́, yọ púlọ́ọ̀gì rẹ kí o wò ó. Má ṣe é lẹ́yìn tí máṣìn bá ti dúró lójú kan tó ń dún jẹ́jẹ́ o, ìyẹn kò ní sọ òótọ́ fún ọ. Sá a lórí jíà kẹta, ṣí tọ́rọ́tù (ibi tí à ń fi ọwọ́ yí kó lè sáré) dáadáa, kí o tẹ klọ́ọ̀ṣì kí o paná lẹ́ẹ̀kan náà, kí o wá tú u. Bí orí rẹ̀ bá funfun bí ẹfun, epo kò tó, ẹ́ńjìnì ń jó ara rẹ̀ nìyẹn. Bó bá dúdú tó sì lẹ́bu, epo ti pọ̀ jù. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa là ń wá.

Kabúrétọ̀ ńlá kì í dá agbára wá. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ sáré gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kó tó lè fa epo sókè. Bí ọ̀fun bá fẹ̀ ju ohun tí ẹ́ńjìnì kékeré lè mí lọ, afẹ́fẹ́ á máa rìn gbẹ̀rẹ́, epo kò ní gòkè dáadáa. Tí o bá ṣí tọ́rọ́tù lójijì láti ìsàlẹ̀, á kọ́kọ́ gbé ẹ̀mí mì, á wúkọ́, kó tó wá gbéra. Lórí títì gbọọrọ o lè má mọ̀. Lórí òkè Àsérò pẹ̀lú èrò lẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ni wàá ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ sì ni Ọmọ Lísàbi ń sọ.

Ti fítà tó o yọ burú ju ti kabúrétọ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, o kò pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀), ó di pé epo kò tó. Eruku ilẹ̀ pupa tún wà níbẹ̀. Jẹ́ kí ọyẹ́ dé, kí o máa gba ọ̀nà Òdèda lójoojúmọ́ láìsí fítà, rínǹgì tuntun á di àlòkù kí ọyẹ́ tó lọ.

OníPẹẹrẹ_Pànṣẹ́kẹ́:
Mo ti tú u. Ó funfun.

Alágbẹ̀dẹLéèsì_Adátán:
Èmi ni wọ́n máa ń gbé búlọ́ọ̀kù wá bá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti 150 yìí.

Ihò búlọ́ọ̀kù CG125 jẹ́ 56.5 mm, písítìn rẹ̀ sì ń rin 49.5 mm lókè-nílẹ̀. CG150 Ṣáínà náà ń rin 49.5, ihò rẹ̀ ló fẹ̀ dé 62. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́jà fi ń sọ pé kíránkì kò ní yí, pé ó máa wọlé wẹ́rẹ́. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ìdí sílíìfù 62 (páìpù irin inú búlọ́ọ̀kù) gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹnu kẹ́èsì (ilé tí kíránkì wà). Kẹ́èsì Honda àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ fún 56.5 kò lè gbà á, àfi kí n gbé e sórí léèsì kí n fẹ ẹnu rẹ̀. Kí n tó lè fẹ ẹ́, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tú dé ilẹ̀, kíránkì á yọ, jíà á yọ. Bí mo bá sì ti fẹ ẹ́, kò ṣeé dá padà mọ́. Àwọn kẹ́èsì Ṣáínà kan wà tí wọ́n ti fẹ ẹnu wọn láti ilé iṣẹ́, orí irú wọn ló ti máa ń wọlé wẹ́rẹ́ lóòótọ́. Tìrẹ kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ìkejì, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n á sì dá hẹ́ẹ̀dì 125 (ìdérí tó wà lókè búlọ́ọ̀kù) padà sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 125 ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní nǹkan bí 9 sí 1. Ìyẹn ni pé àyè tó ṣẹ́ kù lókè písítìn tó nǹkan bí 15.5 cc. Fi 149 cc ti inú àyè yẹn kan náà, ó ti di 10.6 sí 1. Ẹ máa gbọ́ kan-kan-kan nínú hẹ́ẹ̀dì bí ẹ bá gun òkè, ooru á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orí písítìn. Ẹni tó bá fẹ́ 150 gbọ́dọ̀ fi hẹ́ẹ̀dì 150 sí i, jẹ́ẹ̀tì 150, klọ́ọ̀ṣì tó lè dì í mú. Nígbà tí ẹ bá fi parí rẹ̀, ẹ ti ra ẹ́ńjìnì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà:
Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá kàn bọ́ọ̀ búlọ́ọ̀kù Honda yẹn gan-an ńkọ́, kí wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀? Ṣé agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i?

Alágbẹ̀dẹLéèsì_Adátán:
Písítìn tó tóbi ju ti ìpilẹ̀ wà ní 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00 mm. Bí mo bá tiẹ̀ mú un dé 1.00, ihò á di 57.5, ẹ́ńjìnì á di 128.5 cc. Kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀ ìyẹn lára. Kí ihò lè padà ṣe róbótó la ṣe ń bọ́ọ̀ rẹ̀, nítorí bó bá ṣe ń jẹ ló ń di ẹyin. Agbára tó sì ti sọ nù gba ẹ̀gbẹ́ rínǹgì á padà wálé. Àwọn tí máṣìn wọn ti rẹ̀ máa ń rò pé mo fi nǹkan kún un ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà:
Ó yé mi. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti òkè Àsérò, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kò fi gbogbo ara jẹ́ ti ẹ́ńjìnì. Ẹ ka eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí. Ká ní iwájú jẹ́ 14, ẹ̀yìn jẹ́ 42, iwájú á yí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi 15 síwájú, ó di 2.8: máṣìn á sáré lórí títì Èkó, ṣùgbọ́n òkè á pa á. Bí ẹ bá fi 13 síwájú, ó di 3.23: á fa òkè ní nǹkan bí ìdá méjìlá tàbí mẹ́tàlá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, eré rẹ̀ á sì dín ní bíi bẹ́ẹ̀. Eyín kan níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà pẹ̀lú mẹ́ta lẹ́yìn, ẹ ṣírò 14 sí 45, ẹ máa rí 3.21.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá Ọbáńtókò sí Aké, kí ló fẹ́ fi eré ṣe?

BàbáMẹ́káníìkì_Láfẹ́nwá:
Ọmọ yìí gbọ́n. Èmi á mú 45 lẹ́yìn dípò 13 níwájú, nítorí ṣéènì tó bá ń ká ara rẹ̀ mọ́ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré máa ń tètè jẹ. Ṣéènì 428 ni, á fẹ́ ìso díẹ̀ kún un. Kí o sì rí i pé ihò bóòtì sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tó o rà bá ti họ́ọ̀bù rẹ (àárín wíìlì) mu, nítorí tí máṣìn míì lè ní eyín kan náà kí ihò rẹ̀ má bára mu. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì fa ihò yẹn gùn.

Jìnchéng_Òdèda:
Ṣé CG nìkan ni máṣìn ni? Tèmi AX100 ni, póǹpù ọ́ìlì rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní tí mo bá fi fáìlì gbé ẹnu ihò búlọ́ọ̀kù sókè, á máa sáré.

BàbáMẹ́káníìkì_Láfẹ́nwá:
Má fi ọwọ́ kàn án. Nínú máṣìn tó ń po ọ́ìlì mọ́ epo, àwọn ihò yẹn ló dípò fáàfù. Gíga wọn ló ń sọ ìgbà tí èéfín jáde àti ìgbà tí epo wọlé. Fáìlì ọwọ́ kò lè ṣe ọ̀tún àti òsì dọ́gba, bó bá sì gòkè jù, agbára ìsàlẹ̀ lọ nìyẹn, orí jíà kìíní ni wàá máa wà. Tí ohun tó ń fa ọ́ìlì bá ti kú, máa po ó fúnra rẹ: epo lítà 5, ọ́ìlì 200 mílílítà, ìyẹn 1 sí 25. Ọ́ìlì two-stroke o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dà sínú mọ́tò. Kí o sì di ẹnu ọ̀nà tí ọ́ìlì àtijọ́ ń gbà wọlé kó má baà máa fa afẹ́fẹ́.

ỌmọLísàbi:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù 150 sílẹ̀. Iná ńkọ́, àti bíréèkì? Alẹ́ ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù dé, iná iwájú rẹ̀ kò ju ti àtùpà lọ.

Ríwáyà_Ìbàrà:
Iṣẹ́ mi rèé. 6 fóòtì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi bátìrì nìkan yí padà. O máa pààrọ̀ kóìlì inú, régúlétọ̀, bátìrì, gbogbo gílóòbù, họ́ọ̀nù àti fíláṣà. Gílóòbù 6 tó o bá gbàgbé sínú rẹ̀ á kú lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ taná.

Bí o bá máa kúrò lórí pọ́ńtì lọ sí CDI (àpótí kékeré tó ń mú kí púlọ́ọ̀gì taná láìlo pọ́ńtì), ra fúláwíìlì, páálí kóìlì, pọ́sà (èyí tó ń sọ ìgbà tí iná máa ta) àti CDI láti ara máṣìn kan ṣoṣo. Má rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oríṣi CDI méjì ló wà: èyí tó ń gba iná láti ara kóìlì inú, àti èyí tó ń gba iná láti ara bátìrì. Wọ́n lè jọra lójú, ibi ìsopọ̀ wáyà wọn tiẹ̀ lè bára mu, ṣùgbọ́n èyí kò lè ṣe iṣẹ́ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ máṣìn tí wọ́n ń tì wá sọ́dọ̀ mi tí wọ́n ní «kóìlì ti jó», CDI oníbátìrì ni wọ́n so mọ́ kóìlì inú. Kí o tó sanwó, fi fúláwíìlì náà lé ẹnu kíránkì rẹ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu kíránkì yẹn ṣe ṣóńṣó, fúláwíìlì gbọ́dọ̀ jókòó lé e típẹ́típẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì bọ́ sí àyè. Bó bá ń mì, dá a padà.

Bí owó kò bá sì tíì tó, pọ́ńtì kì í ṣe ọ̀tá. Fi 0.3 sí 0.4 mm sí àárín rẹ̀, kí o rí i pé àmì F lára fúláwíìlì ló kọjú sí àmì ara kẹ́èsì nígbà tí pọ́ńtì ń ṣí. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, kò sí kabúrétọ̀ tó lè tún un ṣe.

Alágbẹ̀dẹLéèsì_Adátán:
Ti bíréèkì: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wẹ́dà lẹ ibi ìdúró kálípà mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì tó jẹ́ ti oníṣúù. Wọ́n ń ṣe é, mo ti rí i, ojú ibi tí wọ́n ti wẹ́dà ló sì ti ń ya. Odindi fọ́ọ̀kì ni kí o wá, pẹ̀lú họ́ọ̀bù, dísìkì, kálípà (èyí tó ń di dísìkì mú) àti ilé omi bíréèkì tó wà lórí ọwọ́, ti tòkunbọ̀ tí kò tẹ̀.

Àkísùlù, ọ̀pá tí wíìlì ń yí lé lórí, ló máa ń fa wàhálà. Bẹ́árìn 6301, ihò inú rẹ̀ jẹ́ 12 mm, òde rẹ̀ jẹ́ 37. 6202, ihò inú jẹ́ 15, òde jẹ́ 35. Ẹni tó bá gbé họ́ọ̀bù tó ń lo 6202 wá, tó sì fẹ́ lo àkísùlù 12, á ní àlàfo 3 mm nínú rẹ̀. Mo lè gé búṣì irin tó máa dí i pé, iṣẹ́ kékeré ni. Ohun tí n kò fẹ́ rí ni páànù agolo tí wọ́n ká yí àkísùlù po. Rántí pé wíìlì CG jẹ́ ìwọ̀n 18 íǹṣì, ti Boxer 100 jẹ́ 17. Bí o bá gbé ti 17 síwájú nìkan, máṣìn á tẹrí ba, mítà eré rẹ̀ á sì máa purọ́ kún un.

Omi bíréèkì ni kí o rọ sínú rẹ̀, DOT 3 tàbí DOT 4, èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀. Ẹni tó bá rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i, rọ́bà inú rẹ̀ á wú, bíréèkì á sì dì í mú lójú ọ̀nà.

FáìlìPípé_ÒkèMosán:
Kò sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì Boxer. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ti ṣáásí ló wà nínú ìwé máṣìn. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì láìlọ yí ìwé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ẹni tó ni ẹ́ńjìnì yẹn. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà lára, ẹ má ra ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

BàbáMẹ́káníìkì_Láfẹ́nwá:
Òótọ́ ni. Ẹ́ńjìnì Boxer 150 dára fún òkè, n kò ní purọ́. Ihò rẹ̀ kò ju 56 lọ, àmọ́ písítìn rẹ̀ ń rin 58.8, ìdí nìyẹn tó fi ń fà láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ kì í ṣe ti fírémù CG. Wọ́n á gé, wọ́n á wẹ́dà, ojú sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú kò ní gún mọ́ ti ẹ̀yìn, ṣéènì á máa jẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà náà, Honda bàbá rẹ kò sí mọ́, Boxer kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Boxer, kó lọ ra Boxer.

Honda fi ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to alùpùpù sí Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ wa níbí. Wá rínǹgì àti gásíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ojúlówó kí o tó ra àdàmọ̀dì.

ỌmọLísàbi:
Mo ti tú hẹ́ẹ̀dì. Rótọ̀ yẹn kún bámúbámú bí bàbá ṣe wí, gáìdì fáàfù àbáwọlé sì ń jo. Ẹ̀gbọ́n kan bá mi fi géèjì wọn ihò búlọ́ọ̀kù: 56.63 lókè, 56.55 nísàlẹ̀, ojú ìlà kan sì wà níbẹ̀ tí èékánná mi ń mú. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì 45 ni mo ti rà, fọ́ọ̀kì ṣì di oṣù tó ń bọ̀. Ṣé 0.25 á tó?

Alágbẹ̀dẹLéèsì_Adátán:
Ó ti jẹ 0.13 lókè. 0.25 á fi 0.12 péré sílẹ̀ fún mi, bí ìlà tí èékánná ń mú yẹn bá sì jìn, kò ní tán. Ra 0.50, kí ọkàn rẹ balẹ̀.

OníPẹẹrẹ_Pànṣẹ́kẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti dá PZ27 mi padà o. Fítà rẹ̀ ni mò ń wá, èmi àti ìyá ìbejì ti parí ìjà.

ÌyáÌbejì:
Ó ku sàlẹ́ńsà.

ỌmọLísàbi:
0.50 náà ni. Ṣé kí n gbé búlọ́ọ̀kù wá lọ́la kí ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ, kí n máa wá písítìn kiri?

Alágbẹ̀dẹLéèsì_Adátán:
Rárá o. Gbé písítìn wá pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù. Kì í ṣe gbogbo písítìn tí wọ́n kọ 0.50 sí lórí ló jẹ́ 0.50. Yẹ̀rì rẹ̀ (ìsàlẹ̀ písítìn) ni mo máa fi fẹ́níà àti máíkírọ̀ wọ̀n kí n tó mọ ibi tí mo máa gbẹ́ ihò dé. Ẹni tó bá bá ọ gbẹ́ ihò láìrí písítìn lójú, gba búlọ́ọ̀kù rẹ lọ́wọ́ rẹ̀.